Ìpìlẹ̀ òpó fáráńdà onípákó lórí ilẹ̀ rírọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (Àjàṣẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. A fẹ́ kan fáráńdà onípákó sẹ́yìn ilé kí màmá wa lè máa gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní fífẹ̀, òpó 3 ní ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà ní ká ri òpó mọ́lẹ̀, ká da kọnkéré yí i ká. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, bàtà ń rì lẹ́yìnkùlé. Báwo ni ihò ṣe máa jìn tó? Ṣé bákan náà ni gbogbo òpó?

Bíríkìlà, Kétu: Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ rárá! Ikán á dé bá a, omi tó bá sì há sáàárín igi àti kọnkéré kì í tètè gbẹ. Ibi tí igi ti yọ nílẹ̀ gan-an ló ti ń jẹrà. Kọnkéré ni kó wà nínú ilẹ̀, kó yọ sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Nígbà tó ṣì rọ̀, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ àwo irin bọ̀ ọ́, kí òpó wá jókòó sórí irin.

Òpó kì í gbé ẹrù dọ́gba. Ká ní pákó, àga àti èèyàn jẹ́ kílò 250 lórí mítà kan níbùú lóòró. Òpó igun á gbé kílò 375, ti àárín á gbé 750. Lórí ilẹ̀ pupa líle bíi tiwa níbí, ìpìlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú lóòró tó. Lọ́dọ̀ tìrẹ, 60 ni n ó ṣe, pàápàá fún àwọn ti àárín.

Ìyá ilé kan, Àjàṣẹ́: Bí ẹ bá rí ohun tí àwọn ará Kánádà ń wí nípa jíjìn ihò, ẹ má tẹ̀ lé e o. Lọ́dọ̀ tiwọn, omi inú ilẹ̀ ń di yìnyín nígbà òtútù, á sì ti ìpìlẹ̀ sókè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ jìn. Tiwa ni pé ká gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú títí a ó fi kan ilẹ̀ tó le. Nígbà tí a ń ṣe tiwa, ọ̀pá irin ni mo fi ń gún ìsàlẹ̀ ihò: bó bá ṣì ń wọlé wọ̀ọ̀, ẹ máa gbẹ́ lọ. Bí omi bá sun, ẹ gbọ́n ọn kẹ́ ẹ tó da kọnkéré.

Káfíńtà, Ṣábẹ: Àpáta la máa ń kàn kíákíá níbí, nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ti igi ni mo mọ̀: ìrókò tàbí tíìkì ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Sìmẹ́ńtì ńkọ́?

Bíríkìlà, Kétu: Àpò 7 oníkílò 50 fún mítà kúbíìkì kọnkéré kan. Ìpìlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú lóòró tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 á jẹ sìmẹ́ńtì bíi kílò 38. Má lo iyanrìn etí òkun, iyọ̀ rẹ̀ ń jẹ irin. Má sì jẹ́ kí wọ́n bu omi jù torí kó lè rọrùn láti rò. Máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kó o tó pe káfíńtà.