Owó tí olólùfẹ́ eré ń san, ọ̀nà wo ló ń gbà dé ọwọ́ eléré yunifásítì?

Olùdá-ọ̀rọ̀-sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Láti July 1, 2025 ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti ní àǹfààní láti fi owó àpò ara wọn san akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré ìdárayá fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé tọ àwa Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún: àwọn kan ní ọmọ nínú ẹgbẹ́, àwọn kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ ibi tí owó ń gbà àti ibi tó ti ń há, kó dákun sọ ọ́, tòun ti iye àti ìlànà. A ò fẹ́ "wọ́n ní, wọ́n pé".

Ará Houston

Kí ẹ tó bínú sí ọmọ tó ń béèrè owó, ẹ rántí Hakeem Olajuwon. Èkó ló ti wá sí Yunifásítì Houston, ọdún mẹ́ta léraléra, 1982 sí 1984, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà. Èrò kún pápá, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e káàkiri. Ohun tí òfin ìgbà náà gbà kí eléré gbà kò ju owó ilé ìwé, ibùgbé, oúnjẹ àti ìwé lọ.

Orúkọ "student-athlete" (akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣeré) gan-an, ọgbọ́n ni. Walter Byers tó jẹ́ ọ̀gá NCAA ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ilé ẹjọ́ lè pe eléré ní òṣìṣẹ́. Ray Dennison fara pa lórí pápá ní Colorado ní 1955, ó sì kú. Opó rẹ̀ béèrè owó tí wọ́n ń san fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ní kò tọ́ sí i. Orúkọ tí wọ́n bá pe ọmọ ló ń sọ bóyá owó á dé.

Ẹjọ́ ló tú okùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Ed O'Bannon tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì UCLA pẹjọ́ ní 2009 nítorí pé wọ́n fi ìrísí rẹ̀ sínú géèmù láìfún un ní kọ́bọ̀. Ní June 21, 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan sẹ́yìn àwọn eléré nínú ẹjọ́ Alston tí wọ́n pe NCAA. Láti inú ẹjọ́ yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ ti lè fún eléré ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ìwé tó tó $5,980 lọ́dún. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, NCAA yọ̀ǹda kí ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ ṣòwò. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní NIL. Nígbà tó di June 6, 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, tí Grant House àti àwọn eléré mìíràn pe NCAA: nǹkan bíi $2.8 bílíọ̀nù fún àwọn tó ti ṣeré láti 2016, àti àṣẹ kí ilé ẹ̀kọ́ máa san owó tààrà fún àwọn tó wà lórí pápá nísinsìnyí.

Akápò

Lórí owó tààrà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ $20.5 mílíọ̀nù, wọ́n rò pé gbogbo yunifásítì ló ń pín in. Rárá o. Iye tí ilé ẹ̀kọ́ kan kò gbọ́dọ̀ kọjá fún 2025-26 nìyẹn. Kò sí ẹni tó fi dandan lé e. Àwọn kan á ná an tán, àwọn kan ò ní dé ìdajì, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bá wọn dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kún èyí tó ń fúnni tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ tó $2.5 mílíọ̀nù nínú owó yẹn. Ẹ̀bùn Alston náà lè jẹ $2.5 mílíọ̀nù mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá lo méjèèjì dé góńgó, $15.5 mílíọ̀nù ló kù sí i lọ́wọ́. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pín in ni pé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà á kó nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ìdá 15, básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ìdá 5, gbogbo eré yòókù á wá pín ìdá 5. Òfin kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀; wọ́n ń fara wé bí wọ́n ṣe fẹ́ pín owó ẹ̀yìn, ìyẹn $2.8 bílíọ̀nù yẹn, ni.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà á rí $11,625,000. Ènìyàn 105 ni ẹgbẹ́ lè ní, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ $110,700 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lè gba mílíọ̀nù kan, kí ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì má rí nǹkan kan. Básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin á rí $2,325,000 fún ènìyàn 15. Ti obìnrin á rí $775,000. Eré sísá, òdò wíwẹ̀, jíjà, tẹ́níìsì àti gbogbo ìyókù á wá jùmọ̀ pín $775,000 mìíràn. Ibẹ̀ ló ti kan àwa gan-an, nítorí orí ọ̀nà eré sísá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń bá débẹ̀. Tobi Amusan tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde gba ipò kìíní NCAA nínú eré sísá 100m tí wọ́n ń fò kọjá ìdínà (hurdles) fún UTEP, yunifásítì kan ní Texas, ní 2017. Lábẹ́ ìpín òní pàápàá, irú eré tirẹ̀ kò ní jẹ ju eruku inú àpò lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn olólùfẹ́ kì í kà sí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi òǹkà sí: 85 fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, 13 fún básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, 11.7 fún béèsìbọ́ọ̀lù (bẹ́ẹ̀ ni, kò pé 12, wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ pín). Ní báyìí, iye ènìyàn ni wọ́n ń kà: 105, 15 àti 34. Ilé ẹ̀kọ́ lè fún gbogbo wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń fi owó òbí ṣeré ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ tì mọ́. Adájọ́ Wilken kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn náà títí wọ́n fi wá ọ̀nà fún àwọn tí wọ́n ti lé dànù nítorí rẹ̀.

Onítíkẹ́ẹ̀tì

Mo fẹ́ sọ ti àwa tó ń sanwó wo eré. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà kò lọ sọ́wọ́ ọmọ kankan tààrà. Àpò ẹ̀ka eré ìdárayá ló ń wọ̀. Yunifásítì Tennessee kéde ní September 2024 pé àwọn á fi ìdá 10 nínú 100 lé owó tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ọdún 2025 nítorí owó eléré, wọ́n sì pè é ní "talent fee". Ó kéré tán, wọ́n kọ ọ́ síwájú. Ibòmíràn, owó ìjókòó á kàn ga ni, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé.

Ọ̀nà kejì ni collective. Àwọn olówó tó fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ ló ń dáwó jọ, tí wọ́n á fi bá eléré dá àdéhùn NIL. Ó jọ owó aṣọ ẹbí, àfi pé ẹni tó dáwó kọ́ ló máa wọ aṣọ. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí yín. Ní 2023, IRS, ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn collective tó forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ aláàánú kò yẹ ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, torí àpò eléré ni iṣẹ́ wọn ń ṣe lóore. Láti òfin owó orí tó jáde ní 2017 náà ni owó tí ẹ fi tọrẹ kí ẹ lè rí ìjókòó rere rà kò ti ṣeé yọ mọ́.

Ẹ̀wù tó ní orúkọ ọmọ lẹ́yìn, géèmù, fọ́tò tó fọwọ́ sí: ìwọ̀nyí ló ń sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ jù, bí ẹ bá rà á níbi tó ní ìwé àṣẹ. EA Sports fún eléré tó bá gbà kí wọ́n lo òun nínú College Football 25 ní $600 àti géèmù kan. Ẹ̀wù ayédèrú ojú títì kò fún un ní nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki owó bọ ọmọ lọ́wọ́ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àdéhùn tó bá tó $600 láti ọwọ́ ẹni tó wà níta gbọ́dọ̀ wọ NIL Go, ojúlé tí ilé iṣẹ́ ìṣírò owó Deloitte ń bójú tó fún College Sports Commission, àjọ tó ń ṣọ́ àdéhùn House, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Wọ́n á wò ó: ta ni ẹni tó ń sanwó sí ilé ẹ̀kọ́? Ṣé òwò gidi kan wà tó fẹ́ fi ọmọ náà polówó? Ṣé iye náà bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu? Onílé oúnjẹ tó san $2,000 fún fídíò ìpolówó méjì lè yege. Ẹni tó san $200,000 pé "kó ṣáà wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa" kò ní yege. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ lè tún un ṣe kẹ́ ẹ dá a padà, ẹ lè fagi lé e, tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ síwájú onílàjà. Ọmọ tó bá gba owó náà láìka ìdájọ́ sí lè pàdánù àǹfààní láti ṣeré.

Ìyá Eléré

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, wá ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní ìwé ìgbélùú (green card).

Akọ̀wé Físà

Ìyá wa, ibẹ̀ gan-an ni àlùbọ́sà ti ń ta sójú. Físà F-1 kò gba ọmọ láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, ni èyí tó rọrùn. Kó dúró sídìí kámẹ́rà polówó bàtà nínú Amẹ́ríkà, iṣẹ́ nìyẹn lójú òfin. Ó lè ba físà jẹ́, kì í sì í ṣe NCAA ló máa fìyà jẹ ẹ́, ìjọba ni.

Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń gbà ní ọ̀nà ni pé kó ṣe iṣẹ́ náà nígbà tó bá wà lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Kentucky, ṣe tirẹ̀ ní Bahamas nígbà tí ẹgbẹ́ rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ ní 2022. Ọmọ tó bá wálé fún ìsinmi lè ya fídíò ìpolówó l'Ékòó. Kó tọ́jú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán àti àdéhùn tó fi hàn pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wáyé, kó má sì padà dé Amẹ́ríkà tán kó tún wá máa gbé ìpolówó sórí Instagram. Owó tó ń wọlé láìṣe iṣẹ́ kan, bíi ìpín lórí ẹ̀wù àti géèmù, tún yàtọ̀ díẹ̀. Owó tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ ni àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ jù, torí náà kó tó fọwọ́ sí i, kó rí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó físà ní ilé ẹ̀kọ́ àti lọ́yà ìwọlé-wọ̀de. Ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì kò tó.

Akápò

Kí n fi ti owó orí kún un. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, ilé iṣẹ́ ara rẹ̀ ni IRS kà á sí. Kò sí ẹni tó máa yọ owó orí sílẹ̀ fún un, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù sì nìyẹn: ó gba $30,000, ó ra ọkọ̀, April dé. Lórí èrè $30,000, owó orí aṣiṣẹ́-fún-ara-ẹni nìkan á tó nǹkan bí $4,239 (ẹ mú ìdá 92.35 nínú 100, kẹ́ ẹ wá ìdá 15.3 rẹ̀). Owó orí tí gbogbo ènìyàn ń san ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa san án ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: April 15, June 15, September 15 àti January 15. Ọkọ̀ tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi polówó náà, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni wọ́n á gbowó orí lé. Kó fi ìdá 30 tàbí 35 nínú gbogbo owó tó bá wọlé pamọ́ sínú àkáǹtì mìíràn, kó má fọwọ́ kàn án.

Owó yìí tún lè dín ìrànwọ́ ìjọba kù, torí owó tó wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn ni FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ náà, máa ń wò.

Lọ́yà Ìbàdàn-Atlanta

Ẹ ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀. Gervon Dexter tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Florida gba $436,485 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní 2022. Ohun tó fi ṣe pàṣípààrọ̀ ni ìdá 15 nínú owó tó máa gbà ní NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, fún ọdún 25. Ó padà lọ sílé ẹjọ́. Ẹ wo ọjọ́ tí àdéhùn máa parí: kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo iye tó máa dá padà bó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, àti bó bá fara pa. Ẹ wo bóyá bàtà tó fẹ́ polówó kọlu ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́.

Èyí tí kò sí nínú ìwé, kò sí rárá. Ní September 2024, Matthew Sluka, tó ń ju bọ́ọ̀lù, fi UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, sílẹ̀ lẹ́yìn eré mẹ́ta péré. Àwọn tirẹ̀ ní wọ́n ṣèlérí $100,000 fún un, ilé ẹ̀kọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá Eléré

Olúwa á san yín lẹ́san. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ F-1 tí kò gba NIL kankan, tó kàn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò jẹ gbèsè owó orí, àbí?

Akápò

Ó lè jẹ ẹ́, Ìyá. Owó ilé ìwé àti ìwé kíkà kò ní owó orí. Yàrá àti oúnjẹ ní. Ìdá 14 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lórí ìyẹn fún oní-F-1, Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò sì ní àdéhùn owó orí tó máa mú un kúrò. Bí yàrá àti oúnjẹ bá jẹ́ $14,000 lọ́dún, $1,960 nìyẹn. Nígbà mìíràn ilé ẹ̀kọ́ á gbé e sórí àkáǹtì ọmọ láìsọ fún un, ìgbà tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀ ló máa tó rí i. Kó béèrè ní August ní ọ́fíìsì owó.