Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ olùkọ́ lórí àjálù omíyalé

Ọmọ Apẹ́tẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì kan pè mí fún ipò Assistant Lecturer, lórí bí a ṣe ń dín ewu àjálù kù. Odò Ọ̀nà n'Ìbàdàn ni mo fi ṣe máásítà. Mo fi tépù wọn àmì ẹrẹ̀ tí omíyalé fi sílẹ̀ lára ògiri láti ojúlé dé ojúlé. Nílé ìyá kan, ti ọdún 2011 ga dé èjìká mi. Àmọ́ mi ò tíì kọ́ni rí. Àyà mi ń já.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá: Àbúrò, gbé fọ́tò ògiri yẹn dání. Àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò mọ Sendai Framework 2015–2030, àdéhùn àgbáyé lórí dídín ewu àjálù kù. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tí ìyá yẹn ò fi kó kúrò.

Ìyá Ìbejì: Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tèmi, wọ́n ní kí n kọ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omíyalé Odò Ògùnpa n'Ìbàdàn lọ́dún 1980 ni mo fi bẹ̀rẹ̀: pàǹtírí dí odò, ilé sún mọ́ etí omi jù, òjò wá dé. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ Apẹ́tẹ̀: Ẹ ṣeun, mà. Ìyá náà sọ pé ibojì ọkọ òun wà lẹ́yìnkùlé, ìdí tí kò fi kó kúrò nìyẹn.