Kóòṣì gígùn mi ń yẹ̀ lójú irin ní kọ́nà: ṣé kí n gé e ni, àbí kí n gbé ìkọ́ rẹ̀ kúrò?

RélùwéèÌgbógbò (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Ìgbógbò, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo to rélùwéè kékeré mi sí. Ilẹ̀kùn àlòkù kan ni mo gbé lé bẹ́ǹṣì méjì, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ìwọ̀n OO ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn 1:76 (mílímítà kan dúró fún 76 ti rélùwéè gidi), àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 16.5. Àwọn aládùúgbò máa ń bi mí pé kí ni tèmi nínú rélùwéè, nígbà tí kò sí irin kankan tó gba Ìkòròdú kọjá. Látìgbà tí mo ti wọ Red Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó, láti Ìkejà lọ sí Òyìngbò ló ti kó sí mi lórí, ẹ má wulẹ̀ bi mí mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Kọ́nà R1 ni mo tò, mílímítà 371 láti àárín òbírí dé àárín ojú irin. R2 tó jẹ́ 438 kò ṣeé tò sórí ilẹ̀kùn yìí. Irin á gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí àti ìdí kóòṣì á máa yọ kọjá etí ilẹ̀kùn, sìmẹ́ńtì ló sì wà nílẹ̀.

Kóòṣì àtijọ́ méjì tó bá páálí wá ń lọ geere. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ onítòkunbọ̀ ni kò gbọ́ràn. Ó rẹwà púpọ̀, ó gùn ní mílímítà 302, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ṣe àpótí bátìrì sábẹ́ ikùn rẹ̀. Ara abẹ́ kóòṣì gan-an ni wọ́n so ìkọ́ rẹ̀ (ohun tó ń so kóòṣì mọ́ra) mọ́, kì í ṣe ara bógì, ìyẹn férémù wíìlì tó ń yí lábẹ́ kóòṣì, bíi tàwọn àtijọ́. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sára páálí pé kò gbọdọ̀ rin kọ́nà tó kéré sí 438. Bí mo bá so ó mọ́ ẹ̀yìn àwọn tó kù, gbàrà tó bá wọ kọ́nà ni bógì iwájú rẹ̀ á gun irin inú, á sì dùbúlẹ̀. Mo dín eré kù, ibì kan náà ni.

Ṣé kí n gé àtẹ̀gùn yẹn kúrò? Ṣé kí n di nǹkan tó wúwo sínú rẹ̀? Àbí kí n gé kóòṣì náà fúnra rẹ̀ kúrú? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n wá tábìlì tó fẹ̀ jù báyìí lọ. Onílé mi kò ní yàrá mìíràn.

ÒjéẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Ìwúwo ni, ọ̀gá mi. Àwọn NMRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń to rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà, ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún irú ojú irin 16.5 yìí: áúǹsì kan, kí o wá fi ìdajì áúǹsì kún un fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí kóòṣì bá gùn. Tìrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínǹṣì 12, nítorí náà ó yẹ kó wúwo tó áúǹsì 7, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 200. Gbé e lé òṣùwọ̀n, wàá rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n ni èmi ń lò, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Fi òòlù lù ú kó fẹ̀, kí o tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kóòṣì, má gbé e sókè. Fọ ọwọ́ rẹ tí o bá ṣe tán, májèlé wà lára òjé.

BàbáWọ́kìṣọ́ọ̀bù (Àgbádárìgì)

Àbúrò, fi ayùn sílẹ̀ ná. Ìdáhùn wà nínú ìbéèrè tí o kọ: o ní irin inú ni bógì iwájú ń gùn. Iṣẹ́ kóòṣì ni mo ṣe ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Àjárá níbí, irin tí wíìlì bá gbà yẹ̀ la sì máa ń kọ́kọ́ wò kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí bógì kò bá ráyè yí lábẹ́ kóòṣì, tí àtẹ̀gùn tàbí àpótí ń dá a dúró, ọ̀kánkán ló máa fẹ́ lọ nígbà tí irin ti yà. Irin ìta ni etí wíìlì rẹ̀ máa gùn. Bó bá jẹ́ irin inú ló gùn, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń fà á wọlé. Ìkọ́ ni nǹkan náà.

Wò ó báyìí. Bó bá jẹ́ irú kóòṣì mítà 23 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀, láti àárín bógì kan dé àárín bógì kejì á tó mílímítà 210. Irin yí, kóòṣì kò lè tẹ̀, nítorí náà ikùn rẹ̀ á bọ́ sí inú kọ́nà, orí àti ìdí rẹ̀ á yọ síta. Bí o bá fẹ́ mọ bí ikùn ṣe bọ́ sínú tó, ṣe 210 × 210, kí o fi 8 × 371 pín in: mílímítà 15 ó dín díẹ̀. Orí rẹ̀ ní tirẹ̀ yọ síta ní nǹkan bíi 16. Kóòṣì àtijọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ńkọ́? Ara bógì ni ìkọ́ tirẹ̀ wà, bógì kì í sì í kúrò lórí irin, nítorí náà ìkọ́ yẹn kò jìnnà sí àárín ojú irin. Ọ̀kan wà láàárín, èkejì ti fẹ́ jáde síta, o wá so wọ́n pọ̀. Èyí tó bá fúyẹ́ nínú kóòṣì méjèèjì ló máa fò.

Ìdí nìyẹn tí òjé ará Ẹ̀pẹ́ kò fi ní parí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni ìwọ̀n tó sọ. Di gíráàmù 200 sínú kóòṣì tuntun yìí, èyí tó wà níwájú rẹ̀ ni wàá máa gbé nílẹ̀, irin ìta ló sì máa gbà jáde.

Àwọn tó ń to rélùwéè kékeré máa ń sọ pé kí kọ́nà tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn kóòṣì, kí ọkàn ẹni tó lè balẹ̀. Fún 302, ìyẹn ju 900 lọ. Ilẹ̀kùn ààfin lo máa nílò! Kọ́nà tìrẹ kò tó ìlọ́po kan ààbọ̀. Ìkọ́ ara bógì àti abẹ́ tó ṣófo ló ń gba àwọn kóòṣì àtijọ́ yẹn là.

Kí o tó gé ohunkóhun, tú kóòṣì náà sílẹ̀, kí o kun tìróò sí etí wíìlì rẹ̀, kí o wá fi ìka kan tì í yí kọ́nà ká, òun nìkan. Ibi tí tìróò bá ti kan lábẹ́ rẹ̀ ni wíìlì ti ń họ ọ́. Bí ó bá yí ká láìyẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìkọ́.

RélùwéèÌgbógbò (Ìkòròdú)

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Tìróò ìyàwó mi ni mo lò, kò tíì mọ̀. Kóòṣì yí ká lóun nìkan, kò yẹ̀ rárá. Tìróò kan ẹ̀yìn àtẹ̀gùn lápá kan, ṣùgbọ́n fírí báyìí ni. Ìkọ́ ni nígbà náà. Báwo ni mo ṣe máa gbé e lọ sára bógì? N kò ní bógì mìíràn tí mo lè pààrọ̀ rẹ̀ sí.

Kápẹ́ńtàSábó (Ìkòròdú)

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Gé fèrèsé méjì kúrò láàárín rẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó parí. Bí àga bá gùn ju yàrá lọ, ṣé yàrá la máa ń gé?

BàbáWọ́kìṣọ́ọ̀bù (Àgbádárìgì)

Kápẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn Märklin tó ń ṣe rélùwéè kékeré ní Jámánì náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kóòṣì mítà 26.4 tó yẹ kó jẹ́ mílímítà 303 ní 1:87, wọ́n ń fi 1:100 wọn gígùn rẹ̀, kí ó lè rin kọ́nà 360 tiwọn. Bí àbúrò bá gé mílímítà 40 kúrò láàárín bógì méjèèjì, 210 á di 170, ikùn á sì bọ́ sínú ní 10 péré dípò 15. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá gé e ni ẹwà tí o tìtorí rẹ̀ rà á lọ, ìkọ́ rẹ̀ á ṣì wà lára abẹ́ kóòṣì. Èmi kò ní kọ́kọ́ ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá máa gé e, ojú òpó tó wà láàárín fèrèsé ni kó gbà, kó má sì jẹ́ kí ibi tí òrùlé ti so àti ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti so wà lójú kan náà, torí ibẹ̀ ló máa kán sí.

Àbúrò, gbọ́ bí o ṣe máa ṣe ìkọ́. Wá káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gé ọ̀pá pẹlẹbẹ méjì nínú rẹ̀, fẹ̀ wọ́n tó mílímítà 6, kí o lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ọ̀kan ṣoṣo máa ń tẹ̀. Ìdí ọ̀pá yìí lo máa dè mọ́ abẹ́ bógì, orí rẹ̀ á yọ jáde síbi tí ìkọ́ máa wà. Má gbára lé gúlù: irú rọ́bà dídán tí wọ́n fi ń ṣe bógì, sùpágúlù kì í mú un, wàá rí i pé ó mú lónìí, ó ṣí lọ́la. Ṣé fóònù lo ń tún ṣe? Sukúrúù kékeré inú fóònù ni kí o fi dè é, méjì méjì, torí ọ̀kan á máa yí. Yọ ìkọ́ àtijọ́ àti àpótí rẹ̀ kúrò lábẹ́ kóòṣì pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá tuntun á máa kọlù ú.

Bógì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Dè ọ̀kan kó má ṣe ju kó yí lọ, kí o tú sukúrúù èkejì díẹ̀ kó lè yí, kó sì lè mì sọ́tùn-ún sósì. Bí irin ilẹ̀kùn rẹ bá ga níbì kan (ó máa ga, igi ni), gbogbo wíìlì á ṣì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Họ ẹ̀yìn àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú sáńpépà, láti inú, ẹni tó dúró síta kò ní mọ̀. Rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń gbà láti kóòṣì kan bọ́ sí èkejì, wò ó dáadáa: bí ó bá le, á máa ti kóòṣì iwájú ní kọ́nà. Fóòmù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wà nínú páálí fóònù dára jù ú lọ.

Àbùkù ìkọ́ ara bógì kò ju ọ̀kan lọ, ó sì tóbi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, ó dára. Bí o bá fi ẹ́ńjìnnì ti kóòṣì sẹ́yìn, bógì ni ó ń tì, bógì á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fò. Ẹ́ńjìnnì níwájú ni kí o máa fi sáré.

Ohun kan tó kù, tí kò ní ná ọ lówó púpọ̀. Má jẹ́ kí ọkọ̀ ti ojú irin tó gún bọ́ sínú R1 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní rélùwéè gidi a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kọ́nà ń há. Fi R2 kékeré kan, onídígírì 22.5, sí ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà, òmíràn sí ìparí rẹ̀, kí o wá to R1 onídígírì 45 mẹ́ta sí àárín. Ìbú gbogbo rẹ̀ á fi nǹkan bíi mílímítà 10 lé, ilẹ̀kùn rẹ á gbà á dáadáa.

RélùwéèÌgbógbò (Ìkòròdú)

Káàdì ATM wà, sukúrúù kún inú agolo. Bàbá, ìbéèrè kan péré ló kù. Ọkọ̀ Red Line tí mo wọ̀, bí mo bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ṣé kò ní fún mi ní wàhálà yìí kan náà?

ÒjéẸ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́)

Èmi náà fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ ìkọ́, ṣùgbọ́n n kò kó òjé mi kúrò ńlẹ̀ o.

BàbáWọ́kìṣọ́ọ̀bù (Àgbádárìgì)

Má kó o kúrò, ó máa wúlò lẹ́yìn tí ìkọ́ bá ti dúró. Kóòṣì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gan-an ni kó wúwo jù, torí òun ni gbogbo ìyókù ń fà sínú kọ́nà.

Àbúrò, ti Red Line á rọrùn fún kọ́nà rẹ ju èyí lọ. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Talgo ni, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kí Èkó tó rà á ní 2022. Kóòṣì rẹ̀ kúrú, ó lé díẹ̀ ní mítà 13, kò sì ní bógì lábẹ́ kóòṣì kọ̀ọ̀kan. Wíìlì méjì péré ló wà níbi tí kóòṣì méjì ti pàdé, àwọn méjèèjì ló jọ gbé ara lé e. Ní 1:76, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 172 láti wíìlì dé wíìlì. Ní R1, ikùn á bọ́ sínú ní 10, orí kò sì ní yọ síta rárá, torí orí wíìlì ló parí sí.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni bí wíìlì yẹn ṣe máa mọ ibi tí yóò kọjú sí. Má dè é mọ́ kóòṣì kan ṣoṣo. Rọrùn fún ara rẹ, lo bógì kékeré oníwíìlì mẹ́rin, kí kóòṣì méjèèjì pín sukúrúù kan láàárín rẹ̀, kí o fi nǹkan pẹlẹbẹ gígùn bò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti kúrò ní Talgo gidi díẹ̀, ṣùgbọ́n á rìn. Ti ìkọ́ ni kí o kọ́kọ́ parí ná, kí o sì gbé kóòṣì kojú ẹ́ńjìnnì lórí irin tó gún, kí o rí i pé ìkọ́ méjèèjì ga bákan náà, kí o tó lu ihò kankan sára bógì.