Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ há sí agbede méjì

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó-Èkìtì ni mo ti ra kámẹ́rà kékeré tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń yọ jáde bí a bá tàn án. Láti ìgbà tí mo ti gbé e lọ sí Ìkógòsì láti ya ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ńṣe ni ojú náà máa ń yọ dé ìdajì, tí yóò máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò, tí yóò kọ “lens error”, tí yóò sì kú. Bátìrì rẹ̀ kún, mo sì ti yọ káàdì rẹ̀ wò. Iyanrìn ni mo fura sí, nítorí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo sì rí èérún funfun láàárín àwọn òrùka ojú rẹ̀. Ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe fẹ́ fi agbára tì í wọlé, ṣùgbọ́n n kò gbà (ọwọ́ rẹ̀ le jù), torí pé jíà oníke wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, eyín wọn sì lè ká.

Ṣé kí n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá iyanrìn náà jáde, àbí àfi kí a tú u? Bí títú bá di dandan, báwo ni a ṣe ń pa iná tó kù nínú kapásítọ̀ fíláàṣì rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń kó iná pamọ́ fún fíláàṣì) láìfara pa, níwọ̀n bí ó ti lè gbé ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì?