Ímeèlì ẹgbẹ́ wa tó ń bọ́ sínú spam: ó ti yanjú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Ẹ rántí pé mo ké gbàjarè pé ímeèlì tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kàbà ń kọ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bọ́ sínú spam, ibi tí ímeèlì tí a kò fẹ́ máa ń wọ̀. Ẹ̀bi wa kọ́: ẹlòmíràn tí a jọ ń lo àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kan náà ló ń rán ímeèlì játijàti kiri, àwọn iléeṣẹ́ ímeèlì wá fi òfin de gbogbo wa. Ó dùn mí gan-an. Ìyá kan ní Ìsánlú ò rí ìwé ìpè tiẹ̀, ọjọ́ tí a pín owó sì kọjá lọ.

A ti gba IP tiwa, a sì ti ṣètò SPF àti DKIM, ètò méjì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ímeèlì wa ti wá. (Láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rán ímeèlì rẹpẹtẹ.) Ìyá náà rí ti àná. Ẹ ṣeun, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní kí n yẹ IP wò.