Àdéhùn ni protocol, kì í ṣe òfin

Àwọn kan dábàá pé, lédè Yorùbá, ká máa pe protocol, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà méjì fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn, ní "òfin ìfiránṣẹ́". Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí òfin bá wà, aláṣẹ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká wo XMODEM, ọ̀kan nínú irú protocol bẹ́ẹ̀, tí Ward Christensen kọ ní Chicago ní 1977, ká wá aláṣẹ inú rẹ̀.

Wáyà tẹlifóònù ni kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ariwo orí wáyà sì máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Christensen wá gé fáìlì sí ìdì-ìdì, báìtì 128 (báìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ọ̀rọ̀) nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. (Ẹ má pè é ní búlọ́ọ̀kù o, àwọn bíríkìlà ló ni ìyẹn.) Ẹni tó fẹ́ gba fáìlì ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: á fi àmì NAK (ìkékúrú "negative acknowledge" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn "mi ò gbà á") ránṣẹ́. Ìgbà náà ni ẹnì kejì á tó gbé ìdì àkọ́kọ́ jáde, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀ níwájú, àti báìtì kan lẹ́yìn tó dúró fún àròpọ̀ àwọn 128 náà. Ẹni tó gbà á á ro tirẹ̀. Bí àròpọ̀ méjèèjì bá bára mu, á dáhùn pẹ̀lú ACK ("acknowledge", ìyẹn "mo ti gbà á"). Bí kò bá bára mu, á fi NAK dáhùn, ìdì yẹn á sì tún gbéra.

Ta ló ń pàṣẹ fún ta níbẹ̀? Àwọn méjèèjì ti jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ ni, àdéhùn sì ni Yorùbá ń pe ìyẹn.

Ẹ wo Kermit náà, protocol mìíràn tí wọ́n ṣe ní Columbia University ní New York ní 1981, kí àwọn ẹ̀rọ tí ìwà wọn ò bára mu lè máa gba fáìlì lọ́wọ́ ara wọn. Ìdì àkọ́kọ́ tó ń fi ránṣẹ́ kò ní ẹyọ báìtì kan nínú fáìlì. Ohun tó ń sọ ni bí ìdì ṣe lè gùn tó lọ́dọ̀ tiẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n dúró pẹ́ tó de èsì òun, àti àmì tó fẹ́ kí wọ́n máa fi parí ìdì. Ẹnì kejì á sọ tiẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ á tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló kù tá a ń wá?

Ẹnìkan bi mí pé ZMODEM ńkọ́, tí Chuck Forsberg ṣe ní 1986, tí kì í dúró gba èsì lórí ìdì kọ̀ọ̀kan? Òótọ́ ni, ó ń da ọ̀rọ̀ síta láìdúró ni. Àmọ́ bí àṣìṣe bá wà, ẹni tó ń gbà á ló máa sọ ibi tí wọ́n á ti tún bẹ̀rẹ̀. Kódà bí ìlà bá já láàárín, tí wọ́n bá tún pe ara wọn, òun náà ló máa sọ iye báìtì tó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Àdéhùn ṣì ni.

Ó ku ACK àti NAK, tí wọ́n ní ká pè ní "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́". ACK rọrùn: "ó ti dé". NAK ni ká fara balẹ̀ sí. NAK tó ń ṣí XMODEM kò kọ nǹkan kan, nítorí kò tíì sí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. "Tún un rán" kò bá a mu níbẹ̀ náà. Èmi fara mọ́ "mò ń retí", torí ó bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu, ó sì bá ti ìdì tó bàjẹ́ mu.