Bàbà ara ọmọ mi kéré lórí ìwé, dókítà ní ó ti pọ̀ jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àyọ̀, Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14. Lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. A ní ibà pọ́njú ni, a se àgbo, ó lọ. Láti ọdún Àjíǹde ni ọwọ́ rẹ̀ wá ń gbọ̀n. Òun ló máa ń bá mi kọ ìwé àwìn ní ìsọ̀. Ní báyìí n ò lè ka ohun tó kọ mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹbí ní ayé ni.

Dókítà ojú fi ẹ̀rọ wò ó, ó ní òrùka kan yí etí dúdú ojú rẹ̀ ká, bàbà ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná! A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìwé dé: bàbà kéré sí iye tó yẹ. Bàbá rẹ̀ ní wọ́n kàn fẹ́ gbowó wa. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ fún un ní àgbo ẹ̀dọ̀, kó mu ún fún ọjọ́ méje.

Aláàbù: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣàìsàn. Màmá, kíkéré yẹn ò sọ pé irọ́ ni dókítà ń pa. Bàbà kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Púrótéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, ceruloplasmin, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú àrùn Wilson, èyí tó jọ pé dókítà ń fura sí, ẹ̀dọ̀ ò rí bàbà dì lé e, kò sì rí i tì sínú òróòro kó bá ìgbẹ́ jáde. Ọkọ̀ ò sí lójú títì, ẹrù sì kún ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀, ó ń bọ́ sí ọpọlọ àti ojú. Ṣé ceruloplasmin wà lórí ìwé yín?

Ìyá Àyọ̀: Ó wà. 8 mg/dL.

Aláàbù: Ó yẹ kó tó 20. Ìtọ̀ wákàtí 24 ló kù. Kó da ti àárọ̀ àkọ́kọ́ nù. Gbogbo èyí tó bá tọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, títí kan ti àárọ̀ kejì, inú kẹ́ẹ̀gì tí láàbù bá fún yín ni. Ẹ má fọ kẹ́ẹ̀gì òróró lò o, mo ti rí i rí! Bí bàbà inú rẹ̀ bá ju 100 µg lọ, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn.

Ìyá Àyọ̀: Ṣé èmi ni mo kó o ràn án?

Aláàbù: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ gbé e láìmọ̀, bí AS méjì ṣe ń bí SS. Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àrùn náà. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kódà bí ara wọn bá le.

Bàbá Fẹ́mi: Àbúrò ìyàwó mi ní in. Oògùn penicillamine ló kọ́kọ́ lò, oògùn zinc ló ń lò báyìí, títí ayé ni. Ó dá a dúró nígbà kan tórí ara rẹ̀ ti yá. Ohun tí ojú wa rí kò ṣeé sọ. Wọ́n ní kó má jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù mọ́, tórí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran mìíràn!

Ìyá Àyọ̀: Ọ̀la Sátidé la ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ̀. Bàbá wọn ti gbà ká mú àwọn méjì yòókù lọ lọ́jọ́ Ajé.